Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Àtẹ́lẹwọ́ ni ìyá ọkọ mi fi máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú wọn ní Kubwa, dókítà fún wọn ní ẹ̀rọ kan tó ń sọ omi iyọ̀ di oru tí wọ́n ń fà sí imú àti ẹnu. Ó ń jẹ́ kí wọ́n rí èémí mí, àmọ́ ẹnu wọn bó. Wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án títí, kò yéé ta wọ́n.

Ọbẹ̀ tí mo bá sè, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Ìyàwó, iyọ̀ ti pọ̀ jù." Mo yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ pátápátá, gbogbo wa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lá àtẹ́lẹwọ́. "Ìyàwó, ọbẹ̀ yìí mà tẹ́ o!"

Mo dì mọ́ wọn. Ẹnu ti jinná! Ìgbà tí mo lọ gbé ẹ̀rọ ni mo rí i pé eruku ọyẹ́ ti bò ó.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo lẹ ò ti lò ó mọ́?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mí kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.