Ohun Tí N Kò Sọ fún Sùbérù Kí Ó Tó Jà ní Lomé

A kírun àsùbáà tán ni a jáde nílé ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Dàhòmì, èmi àti àbúrò mi Sùbérù, ìyá wa sì sìn wá dé ìdíkọ̀. Ẹrù wa kò pọ̀: àpò gaàrí àti ẹja gbígbẹ, ẹní kan, àti aṣọ ìjà tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Télọ̀ ni mí. Sùbérù ń lọ díje ní Lomé, olú ìlú Tógò, nínú jùdó, ìyẹn ìjàkadì àwọn ará Jàpáàn tí àwọn Faransé kó wá sí ilẹ̀ wa. Ẹni kan ṣoṣo ni wọn yóò mú nínú àwa ọmọ adúláwọ̀ tó bá wá, wọn yóò sì rán an lọ sí Dàkáà fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta. Bí ó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ó di Páríìsì nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Sùbérù. Ó mọ̀ pé bí àyè yìí bá bọ́ lọ́wọ́ òun, kò sí òmíràn mọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe di oníjà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìjàkadì lórí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé wa. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀yìn tàbí ìhà èèyàn bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí. Ẹni tó dá a yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò na ọwọ́ sí i, yóò gbé e dìde, yóò sì gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo na Sùbérù lórí èyí títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ọ̀gá sójà Faransé kan wá dá jùdó sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kò rí ẹni tó lè dá Sùbérù. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di aṣọ mú, bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ṣubú láìfarapa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ sí ibòmíràn, ẹ̀kọ́ sì dúró níbẹ̀. Ìwé tó kọ ránṣẹ́ kó tó lọ ni wọ́n fi pè wá sí Lomé.

Igba fírán ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san fún mọ́tò akẹ́rù, orí àpò iyọ̀ ni a sì jókòó sí. Ọ̀nà dára dé Kútọnu, ṣùgbọ́n bí a ti kọjá Wídà ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní etí odò Mónò, a dúró fún wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gbé mọ́tò sọdá tó kàn wá. Níbi tí Dàhòmì ti pààlà pẹ̀lú Tógò, ọkùnrin dúánì kan, ìyẹn aṣọ́bodè, tú ẹrù wa sínú ẹrẹ̀. Ó gbé aṣọ ìjà náà sókè, ó béèrè ohun tó jẹ́, nígbà tí Sùbérù sì dá a lóhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹrù ni kó lọ máa rù. Sùbérù ká aṣọ náà, ó kì í bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí òjò má baà pa á.

Aṣọ yẹn kì í ṣe aṣọ lásán. Agbára wa kò ká èyí tó ń ti Páríìsì wá, ni ìyá wa bá hun kíjìpá funfun fún odindi oṣù kan. Èmi ni mo gé e. Ìlà òwú mẹ́wàá ni mo rán sí ọrùn rẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má lè fà á ya.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni a kọjá Bàgídà, àwọn apẹja ṣì ń fa àwọ̀n wọn nínú òjò. Àdúgbò Nyẹ́konakpoè ni a dé sí, nílé Bùràímọ̀, ará Kétu kan tó ti pẹ́ ní Lomé. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Mínà, kí wa pé “Woézọ̀n,” ìyẹn ẹ káàbọ̀, ó sì gbé àkùmẹ̀ wá. Ọ̀kà àgbàdo ni, ó kan díẹ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí a bi í léèrè.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ja jùdó gan-an ni Bùràímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, òun ló ń tẹ́ aṣọ tàpólì lórí lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń jà lé. Nígbà tí Sùbérù lọ wẹ̀, Bùràímọ̀ sún mọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé àbúrò yín mọ̀ pé ìjà yìí kì í parí síbi ìṣubú?”

Mo bi í pé kí ló tún kù lẹ́yìn ìṣubú. Ó ní bí ẹ̀yìn bá balẹ̀ gbàà, adájọ́ á pe “ipọ́n,” ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ìhà balẹ̀, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa jà lọ, wọ́n á fi ọrùn aṣọ fún ara wọn lọ́rùn. Ó ní ọdún mẹ́ta lòun ti ń wo jandáámù Lomé kan, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba, tó ń fi ìṣubú kọ́ra nígbà igba láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. “Ẹ sọ fún un kó má jọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń dé òkè níbi iṣẹ́ yìí, wọn kì í ṣàánú ẹni tó ṣubú.”

Mo ní màá sọ fún un. Mo wo ìgbálẹ̀ tó gbé ti ògiri, mo sì ń sọ nínú ara mi pé agbálẹ̀ ni yóò wá kọ́ mi ní ìjà. Ìyẹn nìkan kọ́. Ojú tì mí láti jẹ́ kí Sùbérù gbọ́ lẹ́nu mi pé ohun tí mo kọ́ ọ kò tó. Ó wẹ̀ tán, ó wọlé, ó bi mí bóyá ohun kan wà tó yẹ kóun mọ̀. Mo ní kó lọ sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yìn wọn balẹ̀ gbàà, ó sì fa àwọn méjèèjì dìde. Jandáámù yẹn ló ṣìkẹta. Ìjà náà kò tíì pẹ́ tí Sùbérù fi gbé e lórí ìbàdí, ó sọ ọ́ lulẹ̀, gbogbo èrò pariwo. Ìhà ni ọkùnrin náà fi balẹ̀. Adájọ́ na apá kan sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ipọ́n. Sùbérù jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i.

Jandáámù gba ọwọ́ náà, ó fi fà á wálẹ̀, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú, ó sì ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọrùn aṣọ tí mo rán. Ọrùn aṣọ náà kò ya. Bùràímọ̀ ń pariwo láti ibi tó dúró sí pé kó fi ọwọ́ lu ilẹ̀, àmì pé ó tó nìyẹn. Sùbérù kò mọ irú àmì bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ yí sókè kí adájọ́ tó là wọ́n.

Nígbà tó jí, ó wò mí, ó ní, “Ṣé mo ṣubú ni?”

Mo ní kò ṣubú. Bùràímọ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀nà kan náà ni a gbà padà, òjò kan náà. Ní etí Mónò ni Sùbérù ti bi mí léèrè, ohùn rẹ̀ ṣì há. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ẹni tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jà á ni?”

Mo ní kò sí.

A dé ilé lẹ́yìn ìrun àsárì. Ìyá wa rí ọrùn rẹ̀ tó lé, ó bi í pé kí ló dé. “N ò ṣubú, Ìyá,” ni gbogbo ohun tó rí sọ. Ìyá wa wá kọjú sí mi, èmi àgbà, pé báwo ni ẹni tí kò ṣubú ṣe pàdánù. Mo ní èrú ni àwọn Faransé ṣe, ẹni tiwọn ni wọ́n fẹ́ mú. Kò sí ẹni tó jiyàn. Láyé ìgbà yẹn, ta ni kò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé ẹni tó fẹ́ dé òkè gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò sọ ohun tó kù fún un lójú rẹ̀. Sùbérù kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi ló ní. Kò wọ aṣọ yẹn mọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìjàkadì lẹ́yìnkùlé wa báyìí, bí ọ̀kan bá sì ṣubú, á ní kí èkejì gbé e dìde. Lẹ́yìn náà á sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ṣe èrú fún òun ní Lomé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn náà.