Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì sí Mi Lẹ́sẹ̀ Nígbà Ìrìnàjò Gánà

Orí àtẹ̀gùn ilé olódi àtijọ́ kan ní Cape Coast, ní Gánà, ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Àwa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa la lọ wo ibi tí wọ́n ń kó ẹrú sí láyé àtijọ́. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ẹ̀yìn ojúgun mi fún pinpin bí ohun tí wọ́n fi okùn dì.

Mo rò pé iṣan lásán ni. Ọjọ́ méjì la fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo sì wà. Mi ò fẹ́ máa dá àwọn èèyàn dìde, mi ò sì mu omi tó, torí pé kò rọrùn láti rí ibi tí obìnrin lè tọ̀ sí lójú ọ̀nà.

Kóòṣì wa fi òróró ìpara pa á fún mi.

“Ṣé wàá lè bá wa dé afárá olókùn inú igbó yẹn lọ́la?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Mo sì lọ. Mo rẹ́rìn-ín nínú gbogbo fọ́tò.

Nígbà tí mo fi padà dé ilé wa ní Inísà, ẹsẹ̀ òsì ti wú ju ọ̀tún lọ, ó gbóná, awọ rẹ̀ ń dán. Ìyá mi gbé omi gbígbóná àti òrí, wọ́n ń wọ́ ọ fún mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A ò mọ̀ pé ohun tí kò yẹ ká ṣe nìyẹn. Aládùúgbò kan ní mo ti tẹ nǹkan nílẹ̀ àjèjì. Pásítọ̀ wa gbàdúrà, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ká lọ sílé ìwòsàn. A ní ó di Mọ́ńdè.

Ní àárọ̀ Sátidé, níbi tí mo ti ń fọṣọ, èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí mo bá ti mí sínú, àyà á gún mi bí abẹ́rẹ́. Màmá ò dúró de Mọ́ńdè mọ́. Wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà, wọ́n jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n dì mí mú títí a fi dé ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun.

Orí bẹ́ǹṣì la wà fún bíi wákàtí méjì kí nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá tó rí bí mo ṣe ń mí, tó sì mú mi wọlé. Dókítà obìnrin kan wo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bi mí bóyá mo rìnrìn àjò láìpẹ́. Ó wá kọjú sí ìyá mi: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ẹsẹ̀ yìí mọ́.” Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo.

Àwòrán inú ara tí wọ́n yà fún mi níbẹ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Téèyàn bá jókòó pẹ́ láìna ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣàn lè dúró, kó sì dì bí ẹ̀kọ inú ewé. Tí díẹ̀ bá já kúrò níbẹ̀, ó lè lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tèmi ti já.

Ikùn ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ojú abẹ́rẹ́ dúdú kiri ikùn mi. Ìyá mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn mí mọ́.

“Ọwọ́ mi yìí ni ì bá pa ọ́,” ni wọ́n wí, omi ń bọ́ lójú wọn.

Dókítà ibẹ̀ gbọ́. “Mà, ẹ̀yin náà lẹ gbé e wá lásìkò.”

Ọjọ́ kejì, èjìká ìyá mi ni mo fi ara tì rìn yí wọ́ọ̀dù ká.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn oníhóró, láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ní báyìí mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Òkukù. Tí mo bá dúró pẹ́ níwájú pátákó, ẹsẹ̀ òsì á tún wú díẹ̀, màá sì jókòó láìtijú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó sì gbóná, lẹ́yìn ìrìnàjò gígùn, kó má ṣe wọ́ ọ, kó má sì ní ó di Mọ́ńdè kó tó lọ sílé ìwòsàn.

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìfaradà ni agbára. Ara mi bá mi sọ̀rọ̀ ní Gánà, mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, síbẹ̀ kò kọ̀ mí sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í gún mi mọ́.