Orin Tí Fọlárìn Fi Àǹtí Mi Kọ

Lánàá, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa láti Ògèrè lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, orin Fọlárìn ń dún lórí rédíò, gbogbo èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kò sí ẹni tó mọ eré olórin apanilẹ́rìn-ín ṣe tó o. Bóyá. Ní tèmi, ẹ̀yin ọmọ, ẹnu mi máa ń korò bí mo bá gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, agbo ilé wa ní Akaka ló háyà yàrá sí, nígbà tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Arẹwà ni, ṣùgbọ́n kì í fọ abọ́ tó bá fi jẹun. Àǹtí Ṣadé, àbúrò bàbá mi, ló ń bá a fọ̀ ọ́. Àǹtí máa ń kólòlò. Ọ̀rọ̀ kan lè há sí i lẹ́nu títí ewúrẹ́ yóò fi jẹ lára ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Fọlárìn a jókòó tì í lábẹ́ igi obì, a máa bi í ní ìbéèrè, a sì máa tẹ́tí sí i gan-an. A rò pé ìfẹ́ ni. Àǹtí náà rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Fọlárìn fẹ́ ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní Ìkẹ́nnẹ́, Àǹtí rán aṣọ tuntun, ó kó àwa ọmọdé lẹ́yìn, a jókòó síwájú. Ìyàwó kan tó ń kólòlò ni eré náà dá lé. Òṣèré tó ṣe ìyàwó náà wé gèlè bíi ti Àǹtí, ó ń di ojú bíi tirẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá há, dùùrù Fọlárìn náà sì ń kólòlò tẹ̀ lé e. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Àǹtí dìde. "Fọ... Fọ... Fọlárìn, ṣé è... ṣé èmi nìyẹn?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n rò pé ara eré ni. Fọlárìn mọ̀ pé kì í ṣe ara eré. Ó dìde nídìí dùùrù, ó sì tẹríba fún àtẹ́wọ́.

Nígbà tó fi máa gbé eré náà dé Èkó, ìbéèrè Àǹtí ló fi ń parí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti di olókìkí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi arọ ṣe eré, ó fi adití ṣe é. Ẹni tí kò ní lè fèsì ló máa ń wá. Wọ́n fi í joyè, ó sanra, ó sì kú pẹ̀lú ìrọ̀rùn lórí ibùsùn rẹ̀.

Àǹtí fẹ́ oníṣòwò obì kan ní Ṣàgámù. Kò torí ẹ̀rín yẹn dákẹ́. Ó ń ná ọjà, ó ń bá wa wí, ó ń pa ìtàn fún wa, bí ọ̀rọ̀ bá sì há, tí ọmọ kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Àǹtí a ní, "Má b-bá mi parí ẹ̀."

Agbo ilé yẹn ti wó, ilé oníbúlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ wa ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, títí di òní, kò sẹ́ni tó ń bá ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀. A máa ń dúró.