Wọ́n Gé Oníjó Mi Kúrò Nínú Àwòrán

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn ní àdúgbò Uwasota. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ohun tó ti kọjá, kí á jẹ́ kó lọ. Mo ti gbìyànjú. Kò lọ.

Ọdún kẹta mi ni ní yunifásítì ní Ìlú Bìní. Olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe fíìmù kékeré kan tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rárá, ijó nìkan ni kó sọ ìtàn. Èmi tí mo ti ń bá àwọn ẹlòmíràn gbé iná kiri, tí mo ti ń bá wọn ra omi fún òṣèré, ó wá kàn mí láti jẹ́ olùdarí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, ó gbàdúrà títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Ìtàn tí mo rò kò le. Obìnrin mẹ́ta ń ru ẹrù gun àtẹ̀gùn ilé kan. Ó rẹ méjì, wọ́n ṣubú. Ẹnì kẹta bá gbé àwọn méjèèjì, ọ̀kan léjìká, ọ̀kan ní ìbàdí, ó ń jó gòkè lọ. Ẹnì kẹta yìí ni gbogbo fíìmù náà dúró lé. Kí n tó mọ bí ìtàn náà yóò ṣe parí ni mo ti mọ ẹni tí yóò jó o.

Ọmọbìnrin kan ni, kíláàsì wa fi ọdún kan ṣáájú tirẹ̀. Ará Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bìní ni wọ́n ti bí i. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ pijin ló fi máa ń dáni lóhùn. Ó sanra. Mo sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀ nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó sanra, ó sì mọ ijó jó ju gbogbo wa lọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ a gbà á jẹ́jẹ́ bí ẹni gba ọmọ tuntun.

Èmi kò ní kámẹ́rà. Ọkùnrin kan ní kíláàsì wa ló ní in, Yorùbá bíi tèmi, tó ti ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní GRA kó tó wọ yunifásítì. Ó jù wá lọ púpọ̀. Bọ̀ọ̀dá la máa ń pè é. Ó gbà láti bá mi ya fíìmù náà, mo sì dúpẹ́ títí ó fi ní ó tó.

Ìyá kan ní ìjọ wa, tó ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ní ọjà Santana, ló yọ̀ǹda ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tí kò tíì parí ní Uwasota. Fúnra rẹ̀ ló gbá àtẹ̀gùn náà fún wa. Ó ní, “Ẹ jó o dáadáa o, kí ilé mi náà lè wọ fíìmù.”

Láàárọ̀, mo pàtẹ́wọ́, mo ní, “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.” Àwọn oníjó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá ń nu ojú kámẹ́rà rẹ̀. Ó nu ún tán, ó ní, “Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé èyí mì. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ohun tó ń yà. Ó ní, “Fọkàn balẹ̀. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?” Mo gbé ìyẹn náà mì. Ọmọbìnrin náà ń gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń sọ wọ́n kalẹ̀, ó tún ń gbé wọn. Símẹ́ńtì bó o lórúnkún, kò ráhùn.

Nígbà tí a jókòó jẹ búrẹ́dì, bọ̀ọ̀dá bọ́ sẹ́yìn ilé láti dáhùn ìpè. Mo mú kámẹ́rà náà, mo wo ohun tó ti yà.

Àwọn ọmọbìnrin tín-ínrín méjèèjì wà níbẹ̀ kedere, látorí dé ẹsẹ̀. Ti ẹnì kẹta, apá rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá fìrí. Níbi tó ti gbé wọn, ojú àwọn tí ó gbé nìkan ló wà nínú àwòrán, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn gòkè. Mo wo òmíràn, bákan náà. Mo wo gbogbo rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá padà dé. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹni tó ń gbé wọn wà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ń gbà ọ́ sílẹ̀ ni, ìwọ ọmọ yìí. Ta ló fẹ́ wo irú èyí? Ó máa kún ojú àwòrán bámú. Jẹ́ kí fíìmù ẹ rẹwà.”

Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó rò pé ẹni tí kì í sọ Yorùbá kò gbọ́ ọ ni. Ọmọbìnrin náà rọra gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, I hear wetin you talk.”

“Àwàdà ni,” ni bọ̀ọ̀dá wí.

Mo ní, “Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Èmi? Lọ́wọ́ ọmọdé? Ìwọ tó jẹ́ pé àánú ẹ ló ṣe mí!”

“Ẹ gbé kámẹ́rà yín, kí ẹ máa lọ.”

Títí dòní ló ń dùn mí pé ẹnu mi kò lè fi “ẹ” yẹn sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bí inú mi ṣe ń hó. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀kan nínú àwọn oníjó fà mí lápá pé kí n sáré tẹ̀ lé e. Ìyá onílé, tó gbọ́ ariwo, dé pẹ̀lú omi tútù, nígbà tí wọ́n ròyìn fún un, ó ní, “Àgbà ni, ọmọ mi. Kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.” Kò sẹ́ni tó ní kí ọkùnrin náà bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ ni wọ́n ní kó máa tọrọ gáfárà! Mo dúpẹ́ omi lọ́wọ́ ìyá, mo sì sọ fún un pé n kò ní bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọbìnrin náà ti dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó nu ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn méjì yòókù. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dìde.

Fóònù mi ni mo fi yà á. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀, mo gbé e sókè, mo jẹ́ kí ọmọbìnrin náà kún ojú àwòrán láti etí dé etí. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ tí a wo àwọn fíìmù ní kíláàsì, olùkọ́ ní àwòrán mi ń mì jù, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dá a padà síbi tí ẹnì kẹta ti gbé àwọn méjì yòókù, kí òun tún un wò. Ọmọbìnrin náà ti wá jókòó sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Bí a ti ń jáde ni bọ̀ọ̀dá fọwọ́ lé mi léjìká níwájú gbogbo ènìyàn. “Ṣé o rí i? Bí mi ò bá bínú fi ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé wàá lè ṣe irú ẹ̀?” Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá.

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká mi. Mo ní, “N kò ní dúpẹ́.”

Ó ti sọ káàkiri pé mo ń gbéra ga. Kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà títí di bí mo ti ń kọ èyí.