Òpó Irin Tó Wà Nínú Yàrá Ọkọ Mi

Àkọ́bí wa obìnrin kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí ibà fi mú un lọ, ní Òkè-Àgbò. Àwọn àgbà ní ká gbé e lọ sígbó bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọdé. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní yàrá òun ni ọmọ òun máa sùn sí. Ibẹ̀ náà la sin ín sí. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ ọjọ́ náà, mo mọ orúkọ wọn títí dòní, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Wọ́n ti lọ, kí wọ́n sinmi.

Nígbà tí ogun tí òyìnbó bá wa jà kọjá, tí ọ̀nà Èkó là, epo àti ekuro tí ọkọ mi ń tà mú owó wá. Ó lọ ra òpó irin àti irin ìdábùú l'Ékòó, èyí tí wọ́n ti lu ihò sí lára láti ìlú òyìnbó. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Òde-Omi, àwọn alárù rù ú délé. A wó ilé amọ̀ wa tí òjò ti jẹ. Aládùúgbò wa kan dúró lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ilé nìyí àbí àgò adìẹ?"

Ọkọ mi ní, "Tó bá di àgò, ìwọ la ó kọ́kọ́ dé mọ́ ọn."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Káfíńtà tó ti Èkó wá ta okùn, ó kan èèkàn síbi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa wọlẹ̀. Èèkàn kan bọ́ sórí ibi tí ọmọ mi sùn sí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún èyí díẹ̀."

"Ìyàwó wa, irin kì í ṣe igi. Bí mo bá sún ọ̀kan, ihò rẹ̀ kò ní bá ti èkejì mu."

"Ẹ kúkú sún gbogbo ilé náà."

"Síbo? Ògiri ẹlòmíì nìyí, kòtò àgbàrá nìyẹn."

Ìyá ọkọ mi wo ikùn mi. "Ìyàwó, èyí tó lọ ti lọ. Èyí tó ń bọ̀ ni kó o wá ilé fún."

Ọkọ mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó ń gbẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó jìn tó orúnkún, ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ kó erùpẹ̀. Mo rí etí aṣọ aláró tí mo fi wé ọmọ náà.

"Ó tó," ni ọkọ mi wí.

Káfíńtà ní, "Ọ̀gá, kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jìn dé ìbàdí."

"Ibi tí èyí dé ni kí gbogbo òpó yòókù dé."

"Ilé yìí á máa mì o."

"Jẹ́ kó mì."

Ó da erùpẹ̀ bo aṣọ náà, ó tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ lé e, wọ́n gbé òpó dúró.

Ilé náà sì ń mì lóòótọ́. Bí ìjì bá ti dé, páànù á máa ké, àwọn ọmọ tí mo bí lẹ́yìn rẹ̀ á sá jáde. Ọkọ mi kì í jáde. Á fẹ̀yìn ti òpó, á jókòó. Mo pariwo mọ́ ọn nígbà kan:

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò rí i pé gbogbo wa ti sá ni?"

"Òun ńkọ́? Ṣé òun náà ti sá?"

Lọ́dún tó kọjá ló kú. Ó ti bẹ̀ wá pé ká sin òun ti ọmọ náà. Àwọn ọmọ ní ìjọba ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Wọ́n ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn kí ilé má baà wó lù mí. Mo ní ẹ ṣeun. Bí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi ló ń fẹ̀yìn ti irin náà báyìí. Ó máa ń tutù.