Ẹrù Tútù

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí èèyàn ṣe ń gbéra ga láìní ohun tó fi ń ga, kó wá bá àwọn oníjó bálẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ijó òyìnbó tí wọ́n ń fi ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ jó yẹn ni mò ń wí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi rán aṣọ fún ẹgbẹ́ kan ní Sùúrùlérè, kò sì sí ohun tójú mi ò rí.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì nísàlẹ̀ la ti ń jó. Tí ààrò bá ti gbóná, ooru á gba abẹ́ ilẹ̀ gòkè wá, àwọn ọmọ á máa làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa máa ń jókòó sí pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn, nínú ooru yẹn, ọkùnrin tí bàbá ẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní Múṣin títí dòní. Ọdún mẹ́rin péré ló lò lókè òkun. Ìgbà tó fi máa dé, Yorùbá ti di iṣu gbígbóná lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ Múṣin! Ọmọ tí wọ́n bí síbi tí ajá gan-an ń gbọ́ Yorùbá. Ṣìọ̀.

Ó ní iṣẹ́ ọnà gíga là ń ṣe. Iṣẹ́ ọnà gíga! Lọ́jọ́ tí olówó kan ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta fóòmù ní Yàbá, àwa la lọ jó níbẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ń fò láàárín fóòmù, àwọn àlejò ń jẹ mítípáì, obìnrin kan sì wá ń bi mí bóyá àwọn ọmọ náà wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Ọ̀gá wa fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Mo wò ó títí, mo pòṣé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ń ṣe irun ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọmọ náà ti ń jó, tó bá sì ń jó, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ á gòkè wá wò ó tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ìyá ẹ̀ máa ń sọ fún un pé ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọmọ náà dà á lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi dà á.

Lọ́dún yẹn, obìnrin òyìnbó kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ijó lókè òkun kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Ó ti rí ọmọ náà nínú fídíò, ó wá ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i kí òun tó mú un lọ. Ìbàdàn ló ti fẹ́ wò ó, níbi ijó tí a fẹ́ lọ jó fún àwọn èèyàn ńlá ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Oṣù tó tẹ̀ lé e lọmọ yìí máa pé e. Ìyẹn ni pé ọjọ́ Ìbàdàn yẹn nìkan ló ní.

Èmi ni mo rán aṣọ ẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì ijó yìí kì í wálẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Ńṣe ló máa ń nà jáde yí ìdí ọmọ ká, pẹrẹsẹ, bí ọmọrí ìkòkò. Nẹ́ẹ̀tì ìpele mọ́kànlá, ọwọ́ ni mo fi gán gbogbo ẹ̀, mo wá fi sítáàṣì sí i kó lè dúró. Òyìnbó ń pè é ní tutu. Bàtà tó bá a lọ, aṣọ àti gúlù ni wọ́n fi lẹ imú ẹ̀ tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Tómi bá ti kàn án, ó parí. Bàtà kan ṣoṣo tó dáa, tọ̀tún-tòsì, ló kù lọ́wọ́ ọmọ náà. Èmi fúnra mi ni mo fi táwẹ̀lì wé e, tí mo kì í sínú páálí pẹ̀lú aṣọ ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, mo mú máákà, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí kọ̀ọ̀kan: AṢỌ IJÓ, Ẹ RỌRA. Ọ̀gá dé, ó wò ó, ó fajú ro.

"Kí lèyí, Wọ́díróòbù?" Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. "Ṣé ọjà là ń lọ ná ni? Bálẹ́ẹ̀ là ń ṣe. Ìwọ máa wo abẹ́rẹ́ ẹ."

Ìwọ! Níwájú àwọn ọmọ! Ó gba máákà lọ́wọ́ mi, ó fi pa ohun tí mo kọ rẹ́, ó wá kọ TUTU sára gbogbo páálí náà, lẹ́tà ràgàjì-ràgàjì, láìsí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀. Mo ní ó dáa, ọ̀gá.

Òtò la kó ẹrù lọ, sí ọgbà àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan. Ọkọ̀ méjì ló ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ń kó ẹrù gbígbẹ, èkejì jẹ́ oníyìnyín, ẹja ló ń kó. Bàbá àgbàlagbà kan tó dé fìlà funfun ló ń to ẹrù sínú méjèèjì, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé ẹrù dé. Ó yẹ páálí wa wò, ó kọjú sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá, tútù ni àbí gbígbẹ?"

Ọ̀gá wa ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. "Tutu ni. Ṣé ẹ ò lè kàwé ni?"

"Gbogbo ẹ̀ ni tútù?"

"Gbogbo ẹ̀!"

Bàbá ní kò burú. Ọ̀gá wọ mọ́tò ẹ̀, ó lọ. Bàbá gbé páálí àkọ́kọ́, ó dorí kọ ọkọ̀ ẹlẹ́ja.

Mo dúró síbẹ̀ o. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ò sí láàárín wa. Mo gbọ́ tútù, mo gbọ́ gbígbẹ, mo rí ibi tí páálí ń lọ. Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju "Bàbá, aṣọ ni o" lọ. Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rín ló ń pa mí nínú. Mo ní jẹ́ kó rí i. Kó dé Ìbàdàn, kó ṣí páálí ẹ̀ níwájú àwọn èèyàn ńlá ẹ̀, kí òórùn ẹja kí i káàbọ̀. Èmi ń wo abẹ́rẹ́ mi. Inú mi dùn débi pé mo ra gúgúrú jẹ kí bọ́ọ̀sì wa tó gbéra.

A ti kọjá Ìbàfò kí bàtà ọmọ náà tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé gúgúrú sílẹ̀. Ọmọ náà jókòó níwájú mi, ó ń gbọ́ orin létí, ó ń fi ìka ọwọ́ méjì jó ijó ẹ̀ lórí itan ara ẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà àwọn ọlọ́kọ̀ wà lára rìsíìtì tí ọ̀gá ní kí n tọ́jú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe mọ̀ ńkọ́? Kí n ní mo gbọ́, mo dákẹ́? Mo ki fóònù bọ àpò. Mo ń tan ara mi pé bóyá omi ò ní dé ìdí páálí.

Ìgbà tí a débẹ̀, bàbá onífìlà funfun, tó bá ọkọ̀ ẹja wá, ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ni ẹrù tútù," ló wí. "A ò jẹ́ kó yọ́ o! Àárín ẹja gan-an la tò ó sí."

Omi ń kán tótó nídìí páálí. Ẹja ti tẹ nẹ́ẹ̀tì ìpele mọ́kànlá pẹlẹbẹ, sítáàṣì ti bá omi lọ. Ọmọ náà tú táwẹ̀lì, ó mú bàtà ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ imú ẹ̀, àtàǹpàkò sì rì wọlé bí ẹni tẹ àkàrà inú ẹ̀kọ. Kò sunkún. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀gá wa! Iṣu gbígbóná ti jábọ́. Ojúlówó èébú Múṣin ló ń rọ̀ lé bàbá arúgbó yẹn lórí, ó ń pè é ní òpònú, ó ní òun á rí i pé wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Bàbá ṣí fìlà.

"Mo bi yín, ọ̀gá. Ẹ ní tútù ni. Ìyá yìí dúró níbẹ̀, ẹ bi wọ́n."

Gbogbo wọn yíjú sí mi, ọmọ náà pẹ̀lú.

"Èmi kẹ̀?" mo ní. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Bàbá wò mí. Ojú tí mo máa ń fi wo ọ̀gá ló fi wò mí. Ó ní kò burú, ó dé fìlà ẹ̀ padà, ó lọ.

Wákàtí mẹ́ta ló kù. Mo di bàtà náà mú síwájú fáànù, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, mo da gúlù sínú imú ẹ̀ títí gúlù fi tán. Ìka mi ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ náà jókòó tì mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi díẹ̀." Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Ó wọ aṣọ tẹ́ja ti tẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sórí ìtàgé. Àwọn èèyàn ńlá tó wà níwájú fi áńkáṣífù bo imú. Ó gùn sókè lórí ìka, ó dúró, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, bàtà ọ̀tún bá tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ balẹ̀ gbì. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tí mo dúró sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi jó ìyókù dópin, ó tẹrí ba, ó rìn wọlé. Òyìnbó náà wá bá a, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní ọmọ tó láyà ni. Ó lọ, a ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tútù tí ọmọ náà tẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá ṣì wà lórí ilé búrẹ́dì. Mo gbọ́ pé ó ti ń fi àmì ohùn sára páálí báyìí. Ṣìọ̀. Èmi ti kúrò níbẹ̀, aṣọ iléèwé ni mò ń rán ní Yàbá. Ọmọ náà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níjó lọ́jọ́ Sátidé, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, kì í sì í kọjá kó má yà. Á kúnlẹ̀ sórí orúnkún méjèèjì, orúnkún oníjó, á ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun o. Nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí."

"Kò tọ́pẹ́," ni mo máa ń wí fún un. Kò mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.