Bí Ràmọ́tà Ṣe Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Àwọn Òyìnbó

Bí irọ́ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi já sínú ọbẹ̀ lálẹ́ òní. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Lọ́dún 1988, Ràmọ́tà ń ta abọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní Tàmálè, nílẹ̀ Gánà. Ibẹ̀ ló ti ṣòwò nígbà èwe, ibẹ̀ ló sì bí Haneefah sí. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ ní 1969, ara ọmọ náà kò yá. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ní kí ó fi í sílẹ̀ fún òun. Láti ìgbà náà, ìwé nìkan ni ìyá àti ọmọ fi ń ríra.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìwé dé pé ìgbéyàwó Haneefah di ọjọ́ Àìkú. Ó ní: “Ìyá mi, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí ti kọ́ mi ní ẹkún ìyàwó. Bí ẹ ò bá wá, iwájú ta ni kí n ti sun ún?”

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Hussein, àbúrò Ràmọ́tà tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ń tún irin ìdí ọkọ̀ àwọn òyìnbó kan ṣe. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ ni! Ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òyìnbó mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àgọ́, ààrò, àti omi tí ìdajì ìlú lè fi wẹ̀. Wọ́n ti fi la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kò sì sí ẹni tí ebi pa. Gánà ni wọ́n ń lọ. Simon tó ń wà á gbọ́ Hausa bí ọmọ Kánò, Ràmọ́tà náà sì ti gbọ́ ọ láti Tàmálè. Ó ní kí Ràmọ́tà bá wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa túmọ̀ èdè fún wọn.

Hussein ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún ń rò? Ẹ ó jókòó bí olorì!”

“Ṣé wọ́n á yára ṣá?”

“Ọkọ̀ tó la Sàhárà kọjá!”

Wọ́n gbéra lówùúrọ̀ Ọjọ́rú. Kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́, ìgbà méje ni wọ́n dúró: wọ́n ya fọ́tò òkìtì ọ̀gán, wọ́n ya ewúrẹ́ tó gun orí òrùlé. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n ní ó kan Ràmọ́tà láti fọ abọ́. Ìyá ẹni àádọ́ta ọdún! Ó kọ́kọ́ lanu, ó wá rí i pé Simon fúnra rẹ̀ ń gbálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran lọ́gbọọgba ni wọ́n ń pín iṣẹ́. Ìyẹn wù ú. Ó fọ abọ́ náà títí ó fi ń dán bíi dígí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, wọ́n rí àwọn tó ń fín igbá. Inú wọ́n dùn, àwọn kan ní kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ràmọ́tà dìde.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ Àìkú ni ìgbéyàwó ọmọ mi.”

Simon túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, Ràmọ́tà jókòó. Nílé wa, bí àgbà bá ti sọ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí Simon ṣe ní kí wọ́n nawọ́ sókè dìbò. Gbogbo ọwọ́ tó kù ló ní kí wọ́n dúró. Ti Ràmọ́tà nìkan ló ní kí wọ́n máa lọ.

“Simon, ṣé wọn ò gbọ́ mi ni?”

“Wọ́n gbọ́, Màmá. Àánú yín ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ la máa ń ṣe.”

“Àánú ò lẹ́sẹ̀. Bá mi sọ ẹrù mi kalẹ̀.”

“Ẹ̀yin nìkan? Ewu ń bẹ lọ́nà!”

Ràmọ́tà fọwọ́ kan gọ̀ǹbọ́ ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi nìkan kẹ̀? Gbogbo ìlú ojú ọ̀nà lọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà: ó wà ní Párákù, ó wà ní Jùgú, ó wà ní Yéndì. Ẹ̀yin mẹ́tàdínlógún yìí lẹ dá wà.”

Ó wọ mọ́tò Ìṣẹ́yìn, ó gba Ṣakí lọ. Lẹ́nu ibodè, ọ̀gá aṣọ́bodè wo ilà ojú rẹ̀, ó pariwo pé, “Bí ìyá mi ṣe kọlà nìyí!” Ó fún un ní odidi adìẹ kan. Orí àpò iṣu ló jókòó lé dé Párákù, orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn. Ní Jùgú, obìnrin kan tí kò rí rí já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ rẹ̀: “Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹun lójú títì bí aláìlẹ́bí? Ẹ yáa wọlé!” Ọkọ̀ tó gbé e kúrò níbẹ̀ kò ní búrèkì, àdúrà ni wọ́n fi ń dá a dúró.

Nígbà tó wọ agbo ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Tàmálè lówùúrọ̀ Àìkú, Haneefah ti kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ó ti fẹ́ẹ̀ sun ẹkún rẹ̀ tán. Ẹnìkan kígbe pé, “Ìyá ìyàwó dé!” Haneefah dákẹ́. Ó dìde, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Ràmọ́tà, ó sì tún ẹkún náà bẹ̀rẹ̀ láti orí. Títí di ọ̀sán ni wọn ò rí i dá lẹ́kun, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ńlá ṣì wà ní Ọ̀yọ́.

Haneefah wà láàyè. Ó ti ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ó ń ta aṣọ ní àdúgbò Under G. Ẹ lọ bi í.